Àǹjọ̀nnú àti Ọ̀fọ̀ Ọmọ

Bí a bá gba Dubai kọjá Sharjah lọ sí Ras al-Khaimah, a ó kan Al Jazirah Al Hamra, abúlé àwọn apẹja àti àwọn tí ń wa péálì nínú òkun, tí àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò ní nǹkan bí ọdún 1968. Àwọn ènìyàn gbà pé àǹjọ̀nnú ló ń gbé àwókù rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí ni Tobe Hooper, ará Amẹ́ríkà, fi ṣe Djinn, fíìmù tó ṣe kẹ́yìn kó tó kú ní 2017. Abu Dhabi ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn ní 2013. Tọkọtaya ọmọ ilẹ̀ yìí kan pàdánù ọmọ ọwọ́ wọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n padà sílé kí wọ́n lè gbàgbé, àmọ́ orí ilẹ̀ abúlé àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ilé gíga tí wọ́n kó sí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fura pé àwọn aládùúgbò wọn kì í ṣe ènìyàn.

Inú èdè Lárúbáwá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà àǹjọ̀nnú, nítorí náà ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nílé, bí ọ̀fọ̀ ọmọ bá ṣẹ̀, àdúgbò a jókòó ti òbí, wọn kì í jẹ́ kó rí ibojì. Níhìn-ín, onílẹ̀kùn tilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin ará, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan nínú wa, ẹ má jẹ́ ká fi òun nìkan sílẹ̀.