Ẹkùn Orí Òkè Hajar
Ọmọ-ọmọ ọdẹ ni mí. Nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, ọdẹ tó pa ẹkùn kì í dá awọ rẹ̀ mú. Wọ́n á fi aṣọ bò ó lójú, wọ́n á gbé e lọ sáàfin, ojú ọba ni wọ́n ti máa tu irunmú rẹ̀, nítorí májèlé ni wọ́n kà á sí. Ọba ló ni awọ. Ohun tó mú mi máa béèrè ìtàn ẹkùn ilẹ̀ Lárúbáwá nìyí nígbà tí mo ríṣẹ́ nílé ìkẹ́rù kan ní Dubai Investments Park. Ní 1997 ni wọ́n dá àgbègbè iléeṣẹ́ yìí sílẹ̀. Èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ló kún ibẹ̀, ta ni yóò gbà pé ẹkùn ti ṣọdẹ lórílẹ̀-èdè UAE yìí rí?

Ó ṣọdẹ níbẹ̀ dáadáa. Òkè Hajar, láti Musandam gba Ras al-Khaimah àti Fujairah wọ Oman, ni ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kéré sí ẹkùn tiwa púpọ̀, akọ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 30 lọ, ara rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí iyanrìn. Igi ò pọ̀ tí yóò gbé ẹran kọ́, inú ihò àpáta ló ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Tahr, ewúrẹ́ ìgbẹ́ orí òkè, àti àparò ni ẹkùn Hajar ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ìbọn dé, àwọn ẹran wọ̀nyí dín kù, ó wá yíjú sí ewúrẹ́ ilé. Darandaran tí kò ní ju ewúrẹ́ lọ fi òkúta mọ pàkúté fún un, ó fi májèlé sẹ́ran, ó yìnbọn. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tí apẹkùn ní láti lọ jíhìn fún. Àṣà tiwa ní ìjíhìn yẹn, síbẹ̀ igbó tí a gé kò jẹ́ kí ẹkùn kù sí wa lọ́wọ́.

Ní 1985, Oman mú ẹkùn díẹ̀ láàyè ní Dhofar kí wọ́n lè máa bí sí i. Ní 1993 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹkùn, Arabian Leopard Trust, sílẹ̀ ní UAE. Ọgbà ẹranko Arabia's Wildlife Centre ṣílẹ̀kùn ní Sharjah ní 1999, ibùdó tí ẹkùn ti ń bímọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìparí 2016, òfin UAE wá ka ẹkùn sísìn nílé léèwọ̀: ẹni tó bá mú un jáde sígboro lè lọ sẹ́wọ̀n.

Àwọn ẹkùn tó kù nínú igbó kò tó 200 ní gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá. Bí wọ́n bá fẹ́ dá ọmọ ẹkùn Sharjah padà sí Hajar, kí tahr kọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀, kí darandaran tó pàdánù ewúrẹ́ sì gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.