Ọjọ́ Mélòó Ni Ìlàjà Ń Gbà? Ọ̀rọ̀ Parabe ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé: "Ààfáà, ọjọ́ mélòó ni èèyàn yóò fi ṣe ìlàjà kó tó mọ̀ pé kò ní yanjú?" N kò ní iye kan tí mo lè sọ. Ìtàn etí òkun wa níbí ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù May 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní 100 wa ọkọ̀ lọ sí Parabe, ibi tí Chevron ti ń wa epo lójú agbami. Iṣẹ́ ni wọ́n ń bèèrè, àti owó gbà-máà-bínú nítorí omi iyọ̀ tó ti wọ odò tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì fi ń pẹja. Àwọn àgbààgbà wà ní èbúté tí wọ́n ń bá aṣojú ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ ní ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ilé-iṣẹ́ ní wọ́n há òṣìṣẹ́ àwọn mọ́ ojú omi ni. Nígbà tó di ọjọ́ 28, hẹlikópítà gbé sójà dé. Ìbọn dún, ọ̀dọ́ méjì kú. Ọjọ́ mẹ́rin péré, tí a bá ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn!

Ẹ wá wo kóòtù o. Ní 1999 ni wọ́n pe Chevron lẹ́jọ́ ní California. December 2008 ni àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà tó dá ilé-iṣẹ́ láre. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2010, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 2012. Ọdún 13 gbáko. Láàárín ìgbà náà, ní 2005, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ti jókòó bá ìgbìmọ̀ àwọn ìlú ṣe àdéhùn, Ìlàjẹ sì wà lára wọn.

Ní Hudaibiya, ọdún kẹfà Hijira, aṣojú Kuraiṣi tó wá ju ẹyọ kan lọ kí Suhail tó dé tí wọ́n tó kọ ìwé. Wọ́n tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti pa Uthman ní Mẹ́kà. Àwọn sàábé búra lábẹ́ igi pé àwọn kò ní sá, síbẹ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò jẹ́ kí wọ́n jà títí òótọ́ fi dé: Uthman wà láàyè. Èmi rò pé òru kan bí irú ìyẹn ni Parabe ṣaláìní. Omi iyọ̀ ṣì wà nínú odò wa, òkun sì ń wó ilé ní Ayétòrò.