Ta Ló Jẹ Gbèsè, Ta Ló San Án? Nàìjíríà láti 1978 sí 2015

Yorùbá ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ìtàn gbèsè Nàìjíríà, ẹlòmíràn ló ru igbá náà.

Ní 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báǹkì òkèèrè. Àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e náà yá tiwọn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Shehu Shagari ṣòfin ìṣúnwóná ní oṣù Kẹrin 1982. Síbẹ̀, wọ́n kéde pé òun ló wọlé ìbò 1983. Ìbọn ló lé e ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, kì í ṣe ìbò. Ìjọba ológun tuntun lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òfin 17 ti ọdún 1984 kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́.

Ní 2005, Ọbásanjọ́ kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, bá Paris Club ṣàdéhùn: wọ́n fagi lé bílíọ̀nù 18 dọ́là, Nàìjíríà san nǹkan bí bílíọ̀nù 12. Àdéhùn náà kò dá iṣẹ́ padà fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n lé ní 1984.

Ọdún 2015 ni ìbò kọ́kọ́ gba ipò lọ́wọ́ ààrẹ tó wà lórí àlééfà. Nítorí náà, a dábàá pé bí a bá ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní ìtàn ìdìbò, kí a kọ́ wọn ní ìtàn gbèsè pẹ̀lú: ta ló yá a, ta ló jìyà rẹ̀, ta ló sì dáhùn fún un.