Ọmọlangidi Tánganran àti Bí Iwin Abìyẹ́ Ṣe Dara Pọ̀ Mọ́ Wọn

Ẹ̀yìn ọrùn ni ẹni tó mọ ọmọlangidi tánganran dunjú máa ń kọ́kọ́ wò. Á gbé irun rẹ̀ sókè, á wá nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára amọ̀ kó tó wọná. Bó bá rí 390 pẹ̀lú orúkọ Armand Marseille, ó ti mọ̀ pé Köppelsdorf ní Jámánì ló ti wá. Bí orúkọ orílẹ̀-èdè bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ọdún 1891 síwájú ni wọ́n ṣe é, torí òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890 ló sọ ọ́ di dandan kí ọjà òkè òkun máa fi ibi tó ti wá hàn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti mọ àṣírí tánganran. Ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù kò tẹ̀ ẹ́ títí dìgbà Johann Friedrich Böttger, ẹni tí Augustus alákòóso Saxony há mọ́lé pé kó bá òun ṣe wúrà. Wúrà kò jáde, tánganran ló jáde, ilé iṣẹ́ Meissen sì bẹ̀rẹ̀ ní 1710. Ní nǹkan bí 1840 ni àwọn ará Thuringia ní Jámánì wá ń fi í ṣe orí ọmọlangidi lọ́pọ̀ yanturu. Orí ìgbà àkọ́kọ́ ń dán gbinrin. Nígbà tó yá, wọ́n yọ dídán náà kúrò kó lè jọ awọ ara ènìyàn.

Wọ́n á da amọ̀ olómi sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á dúró kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le díẹ̀, wọ́n á sì da ìyókù nù kí inú orí lè ṣófo. Wọ́n á gé àtàrí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á gbà fi ojú gíláàsì tí àwọn ará Lauscha ṣe sí i. Lẹ́yìn tó bá jáde nínú iná, wọ́n á kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè, wọ́n á tún dá a padà sínú iná. Ìdí nìyẹn tí pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í fi í ṣí lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ilé iṣẹ́ ọmọlangidi Jumeau ti Faransé gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Paris ní 1878, àmọ́ ọjà Jámánì kò wọ́n, òun ló sì borí.

Iwin kò wọ́pọ̀ nínú ọjà ìgbà náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé ni wọ́n ti máa ń wọ ọmọlangidi kékeré láṣọ iwin, kí wọ́n lè gbé e sórí igi Kérésìmesì. Ẹni tó fún iwin ní ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni Cicely Mary Barker, ará Croydon, tí wọ́n bí ní 1895. Nítorí wárápá, ilé ló ti kàwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Dorothy, ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi nínú ilé wọn, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ni Barker ń wò yàwòrán. Fúnra rẹ̀ ló ń rán aṣọ wọn, tó sì ń fi ẹ̀ka igi tín-ín-rín àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ìyẹ́ wọn. Flower Fairies of the Spring jáde ní 1923, £25 péré ni wọ́n sì san fún un lórí àwòrán 24. Ó dùn mí, torí nígbà tó kú ní 1973, àwọn ère tánganran tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ṣe ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ike lé tánganran kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, àwọn àgbà sì gbà á. Ní 1949 wọ́n dá United Federation of Doll Clubs sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1968 ìyá kan àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, ìdílé Coleman, tẹ ìwé atọ́nà ńlá fún àwọn tó ń kó ọmọlangidi jọ. Nígbà tó di àárín 1980 sí 1990, àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ọmọlangidi tuntun ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti nọ́ńbà, iwin abìyẹ́ sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ rà á pé yóò di owó ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tà tó iye tí wọ́n rà á mọ́.

Ẹ ra èyí tó bá wù yín láti máa wò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú orí rẹ̀: bó bá ti sán níbì kan, ìmọ́lẹ̀ yóò fi hàn yín.