Ibi Àdúrà fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Bí a bá gba ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tí a kọjá Fìdítì, ìlú ọlọ́sàn, tí a sì dé Ìlọrà, a óò rí ilé-ìwé àti ilé-ìsìn tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Ẹni tí kò mọ ìtàn lè rò pé ńṣe ni ọ̀kan wá bá èkejì níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olùkọ́ bá bi wá léèrè bí a ti lè ya ibi kan sọ́tọ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọmọdé yóò ti máa fi ọwọ́, ojú àti ẹnu ara rẹ̀ gbàdúrà, a kì í wí pé ohun titun ni wọ́n ń wá. Ìtàn ni a fi ń dá wọn lóhùn.

Ní 1843, àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Àgbádárìgì lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni De Graft àti aya rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ilé Ìtọ́jú Ìjọ Ọmọ-ọwọ́. Orúkọ yìí yẹ ní àròjinlẹ̀. Wọn kò pè é ní ilé ìwé kíkà lásán. Ibi tí a ti ń tọ́ ohun kékeré kí ó tó gbó ni wọ́n pè é.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1853, Àlùfáà David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán, mú aya rẹ̀ Anna wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Olóyè Olúńlóyọ̀, ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́, fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́. Tinútinú ni ó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá gbà wọ́n. Lọ́dọ̀ Ìyá Hinderer, abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn ọmọ ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé, tí wọ́n ti ń kọ́ abẹ́rẹ́ lílò, tí wọ́n sì ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà. Èdè tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n ni àdúrà náà sì fi ń dún ní etí wọn, nítorí pé láti 1850 ni apá kan nínú Ìwé Àdúrà ti jáde ní Yorùbá láti ọwọ́ Ajayi Crowther.

Nígbà tí Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí. Owó tán, oúnjẹ wọ́n, títí tọkọtaya náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní ilé wọn. Síbẹ̀ wọn kò tú àwọn ọmọ náà ká. Bí ó bá jẹ́ ohun dáradára inú iyàrá ni ó mú kí ibẹ̀ jẹ́ ibi àdúrà, ìbá ti parí ní ọdún náà.

Nínú àwọn ọmọ tí ó kàwé ní Kúdẹtì ni Samuel Johnson, tí a bí ní Sàró ní 1846. Ó di olùkọ́, ó di katikísì, ó sì di àlùfáà. Ní 1881 ó lọ ṣe iṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí Ogun Kírìjì ń ba ilẹ̀ wa jẹ́, òun àti Charles Phillips ni wọ́n gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ sí àgọ́ àwọn jagunjagun, títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. A kò wí pé àdúrà ìgbà èwe nìkan ni ó sọ ọ́ di onílàjà. Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìròkò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Bí ibi ti rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni rere.

Láti 1896 tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ti wá sí Ọ̀yọ́, irú ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ mú lọ sí àwọn ìlú kéékèèké: wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sì jẹ́ oníwàásù ní ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà. Ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọmọ sì pọ̀ bí eéṣú. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ. Àǹfààní ńlá ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá dúró lórí ìlà, tí wọ́n ń pa ohùn pọ̀ pe ọ̀rọ̀ kan náà, ta ni yóò gbọ́ ti ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé?

Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fẹ́ igun àdúrà. Kò gba owó. Ẹní kan tó. Kí igbá omi wà níbẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́: ọmọ tí ọkàn rẹ̀ wúwo yóò mú òkúta kan, yóò sọ ẹrù rẹ̀ fún Ọlọ́run ní ohùn jẹ́jẹ́, yóò sì rọra tẹ̀ ẹ́ sínú omi. Kí okùn kan wà tí a óò máa so ìwé pélébé mọ́, èyí tí a kọ orúkọ aláìsàn sí. Ní ìgbà ọsàn, kí ọmọ Fìdítì gbé ọsàn kan wá, kí ó fi dúpẹ́. Olùkọ́ yóò jókòó nítòsí, kì yóò sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ohun kan kù tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni ni ó jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní àwọn ìlú Afijió. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní ìpín 38, kọ̀ fún wa láti mú ọmọ kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ bí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, níbi tí òfin 1944 ti pàṣẹ ìsìn ojoojúmọ́ ní ilé-ìwé, a fún òbí ní àyè láti yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òfin yìí dí wa lọ́wọ́. Olúńlóyọ̀ ti fi hàn wá pé ọmọ tí òbí fi tinútinú fi sílẹ̀ ni a lè tọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ tọ àwọn òbí lọ kí ẹ tó tẹ́ ẹní. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá rí ẹlẹgbẹ́ yín tí ó jókòó níbẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.