Ohùn Ìyá, Iṣẹ́ Ọmọ: Ìtàn Gìtá Béèsì àti Èrò Àwọn tí ń Ta Á ní Òkè-Ògùn

Bí a bá pe eléré sí òde ìyàwó ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, olórin ni gbogbo ojú ń wò. Òun ni a ń ná owó fún, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí onílù, ni ẹnì kan máa ń dúró tí ó gbé gìtá ọlọ́rùn gígùn kọ́ èjìká, tí okùn rẹ̀ nípọn ju ti gìtá yòókù lọ. Àwọn tí ń jó lè má mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ wọn yóò mọ̀. Ìtàn irin iṣẹ́ ẹni yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ó kan ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ láàrin wa: nínú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, èwo ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀?

Àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè yìí. Nínú dùndún àti nínú bàtá, ìyáàlù, tí ó tóbi tí ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, ni ó ń sọ̀rọ̀. Òun ní í ki ọba, òun ní í pa òwe, òun ní í pàṣẹ ijó. Àwọn kéékèèké tí ohùn wọn ga, bí i gúdúgúdú, a máa tẹnu mọ́ ohun kan náà, kí ìyá wọn lè rí ilẹ̀ dúró lé. Àwọn ará Òkè-Ògùn kò jìnnà sí orísun ọ̀rọ̀ yìí. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèsè Láoyè, tí ó jọba láti 1946 di 1975, tí òun fúnra rẹ̀ sì mọ ìlù í lù dáadáa, ṣe àkọsílẹ̀ ìtàn tí ó sọ pé ọmọ Ṣaworo ní ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Àyàn, baba gbogbo onílù. Ilẹ̀ Ìbàrìbá kò sì jìnnà sí Ṣakí àti Kìṣí.

Ọ̀tọ̀ ni ètò àwọn Òyìnbó. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohùn òkè ni ó sábà máa ń gbé orin, tí ohùn ìsàlẹ̀ a sì máa gbé e ró. Gòjé ńlá kan tí ó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí. Irú rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù ń lò ní Èkó nígbà ayé Bobby Benson. Ó ṣòro í gbé kiri, fèrè a sì máa bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1951 ni Leo Fender, ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé gìtá béèsì jáde fún títà, èyí tí a lè fi kọ́ èjìká, tí iná mànàmáná sì ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Irú èyí ni ó tàn ká ayé.

Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ti ní agídìgbo: àpótí tí a kan irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ lójú, tí a ń fi ìka ta. Ní Èkó láàrin 1950 sí 1960, J. O. Àràbà àti Fàtáì Rolling Dollar ń lò ó pẹ̀lú gìtá, òun sì ni ohùn ìsàlẹ̀ orin wọn. Ẹ rántí òwe àwọn àgbà: bí òwe bí òwe ni à ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Agídìgbo ń di orin mú, ó sì ń sọ̀rọ̀.

Nínú jùjú, nígbà tí Túndé King ń kọrin ní Èkó ní nǹkan bí 1936, bańjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú tó. Ní nǹkan bí 1949 ni Àyìndé Bákàrè fi iná mànàmáná sí gìtá tirẹ̀. Gángan náà sì wọlé ní àkókò kan náà. Nígbà tí ó fi di ayé Ebenezer Obey, tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, àti ti Sunny Adé lẹ́yìn rẹ̀, gìtá béèsì ti ń gba àga agídìgbo. Ṣùgbọ́n gángan ni ó gba ọ̀rọ̀ sísọ. Béèsì wá di ẹni tí ó ní ohùn ìyá, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọmọ. Bákan náà ni ó rí nínú orin Fẹlá láti nǹkan bí 1970, níbi tí béèsì ti ń tẹnu mọ́ ohùn díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni pé omele ni.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn tí ń ta béèsì láìfi ṣe iṣẹ́ oòjọ́ ń jiyàn lé lórí: olùkọ́, aránṣọ, ahunṣọ, tí ó kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú dò-rè-mí àti etí lásán. Ìfẹ́ wọn sí nǹkan wọ̀nyí kò kéré. Òmíràn a máa se okùn tí ó ti kú nínú omi gbígbóná kí ohùn rẹ̀ lè tún mú. Òmíràn a ní okùn àtijọ́ ni ó dùn jù. Ẹni kan ń fẹ́ okùn karùn-ún. Ẹnìkejì a ní ẹni tí kò tí ì mọ mẹ́rin lò, kí ni yóò fi márùn-ún ṣe? Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ni ìrètí wọn. Ṣùgbọ́n ìjà ńlá ni ti ọ̀rọ̀ sísọ. Apá kan ní kí béèsì jókòó jẹ́ẹ́. Apá kejì, pàápàá àwọn tí ó dàgbà nítòsí agboolé Àyàn, ní kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ìlù.

Lójú tèmi, àpẹẹrẹ wà ní Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òkè. Òwú gígùn ni ojú ń rí. Òwú tí ahunṣọ ń jù lọ jù bọ̀ láàrin rẹ̀ fara pamọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fà á yọ, aṣọ ti tú. Ẹni tí ó bá di orin mú bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Síbẹ̀, kí ó má gbàgbé agídìgbo: nígbà tí àyè bá yọ, kí ó pa òwe.

Orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ gàdàgbà sára àwo orin. Ti atabéèsì kì í sábà sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ta á ní àwọn ìlú wa ń darúgbó. Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ sílé fún ìsinmi, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn, kí ẹ béèrè orúkọ wọn, kí ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́ wọn àti orin tí wọ́n bá ta, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.