Díìsìkì Tuntun, Kọ̀ǹpútà Tí A Kò Pa

Nígbà tí ẹ̀dà kẹfà Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, jáde ní 1975 láti Bell Labs, ní Murray Hill ní ìpínlẹ̀ New Jersey, kernel rẹ̀, ìyẹn ọkàn ètò náà, kì í wádìí ohun tó wà lára kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà PDP-11 rẹ̀ mọ díìsìkì RK05, tí kò gbà ju nǹkan bíi 2.5 mẹ́gábáìtì lọ, á pe ètò kékeré kan tó ń jẹ́ mkconf, á tẹ "rk", á tẹ "done". Mkconf á kọ fáìlì méjì, l.s àti c.c, wọ́n á fi wọ́n kọ́ kernel mìíràn, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á tún un tàn. Ta ló máa bínú? Àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, wọ́n sì sún mọ́ ọn.

Ìgbà tí báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gbé iṣẹ́ wọn lé Unix lórí ni pípa ẹ̀rọ di ọ̀ràn. Nígbà náà, SCSI, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní 1986, ti mú ojútùú wá, àmọ́ ìdajì ni. Nọ́ńbà mẹ́jọ ló wà lórí wáyà rẹ̀, 0 sí 7, ọ̀kan sì jẹ́ ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Kernel á pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ìwọ ta ni? Díìsìkì tó bá wà níbẹ̀ á dárúkọ ẹni tó ṣe é àti irú èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n díìsìkì kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn nìkan sì ni kernel ń béèrè. Ohun tó ń mú kí wọ́n pa ẹ̀rọ nìyẹn, ju ọ̀ràn iná tó wà lára wáyà nígbà tí wọ́n bá ń ki díìsìkì bọ̀ ọ́ lọ. Ti iná kò tiẹ̀ le: ẹnu wáyà oníhò 80 ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, tí irin ilẹ̀ rẹ̀ gùn ju ìyókù lọ kó lè kọ́kọ́ kan ara.

Olúkúlùkù ẹ̀yà Unix wá ń dá ọgbọ́n tirẹ̀ láti mú kí kernel tún béèrè. Solaris ní kí o tan ẹ̀rọ pẹ̀lú "boot -r", kó tó wá ní drvconfig àti disks, lẹ́yìn náà devfsadm. AIX ti IBM ní cfgmgr; HP-UX ní ioscan àti insf; FreeBSD 3.0, ní 1998, gbé camcontrol wá. Ẹni tó bá pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ ní láti tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Ní Linux, níbẹ̀rẹ̀, o gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà mẹ́rin tó ń tọ́ka sí díìsìkì náà kí o tó kọ wọ́n sínú fáìlì /proc/scsi/scsi. Bí o bá ṣì wọ́n kọ, kernel kò ní rí nǹkan kan. Kernel 2.6 ti oṣù Kejìlá 2003 mú èyí rọrùn:

echo "- - -" > /sys/class/scsi_host/host0/scan

host0 ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin náà; dáàṣì mẹ́ta yẹn dúró fún ìyókù, ìyẹn ojú ọ̀nà, nọ́ńbà díìsìkì àti ẹ̀ka inú rẹ̀: wá gbogbo wọn wò. Lójú tèmi, kò sí àṣẹ Linux mìíràn tó fi ìwọ̀nba báyìí sọ ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

USB, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1996, yí ọ̀rọ̀ náà po: ibi tí wọ́n ki wáyà bọ̀ ló ń fi tó kọ̀ǹpútà létí. Kí /dev, àpò tí orúkọ àwọn ẹ̀rọ wà, lè bá a mu, Richard Gooch kọ devfs, tó wọ kernel ní 2000. Lẹ́yìn rẹ̀ ni udev ti Greg Kroah-Hartman dé ní 2003, tó ń gbọ́ ìròyìn kernel, tó sì ń sọ díìsìkì lórúkọ bó ṣe ń dé. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò ní ló kún /dev fọ́fọ́.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ díìsìkì SCSI kan sí i lórí ẹ̀rọ ìpamọ́ ńlá, kò sí wáyà tí ẹnikẹ́ni ki bọ ibì kankan. Linux lè kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ìwọ̀n ti yí padà, kó sì máa lo ìwọ̀n àtijọ́ lọ, títí ẹnìkan yóò fi tẹ echo 1 > /sys/block/sdb/device/rescan.